Bọ́ọ̀dù Wi-Fi mi kò dáhùn mọ́ lẹ́yìn tí mo fíláàṣì rẹ̀: ṣé ó ti kú ni?

ÌBÉÈRÈ, LÁTI ÌJẸ̀BÚ-ÒDE

Ẹ kú iṣẹ́ o. ESP-01 mẹ́ta, bọ́ọ̀dù Wi-Fi kékeré tó ní áísì ESP8266 lórí, ni mo rà láti Ìkẹjà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló bá mi gbé e dé gáréèjì. Mo fẹ́ máa fi fóònù tan pọ́ǹpù omi tó wà lẹ́yìnkùlé, kí n yé sáré sọ̀kalẹ̀ lóru nígbàkigbà tí iná bá dé. Mo fẹ́ fíláàṣì rẹ̀, ìyẹn kí n yọ firmware, ètò ìṣiṣẹ́ tó bá a wá, kí n fi Tasmota síbẹ̀, firmware ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ kí fóònù lè darí bọ́ọ̀dù. Adápítọ̀ USB pupa tó ní FT232 lórí, áísì tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ni mo lò, ara rẹ̀ náà ni mo ti fa 3.3V fún bọ́ọ̀dù.

Àkọ́kọ́ ní "Failed to connect to ESP8266: Timed out waiting for packet header". Ohun kan náà ni èkejì sọ. Ẹ̀kẹta gbà, ó kọ ọ́ dé 100%, ó ní "Hash of data verified", àmọ́ látìgbà yẹn ni kò ti fọhùn. Kò sí Wi-Fi kankan tó yọ. Ẹnìkan ní ayédèrú ni mo rà. Ẹlòmíràn ní mo ti sun wọ́n. Ẹnì kẹta ní kí n kó wọn dà sí ààtàn, kí n lọ ra ESP32. Ìjẹ̀bú ni mí o, mi ò kí ń dédé da owó sí ààtàn. Ṣé wọ́n ti kú lóòótọ́?

* * *

Wọn ò kú. Méjì àkọ́kọ́, ebi ló ń pa wọ́n. Ẹ̀kẹta, o so ó mọ́lẹ̀, o gbàgbé láti tú u.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Ṣàgámù, ESP ni mo fi ń ṣeré tí oníbàárà ò bá sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kó yé ọ, àbúrò mi, ni pé bọ́ọ̀dù yìí kì í kú bí fóònù ṣe ń kú. Fóònù tí iná lọ mọ́ lórí bó ṣe ń gba sọ́fíwíà lè di òkúta sí ọ lọ́wọ́. ESP8266 ò rí bẹ́ẹ̀. Espressif, ilé iṣẹ́ Shanghai tó ṣe é, ti gbẹ́ ètò kékeré kan sínú áísì ńlá náà fúnra rẹ̀, sínú ROM, ibi tí ìwọ àti èmi ò lè kọ nǹkan kan sí. Áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní flash, ni à ń fíláàṣì. Kódà kí o kọ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ sí i dípò firmware, ètò inú ROM ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ GPIO0 sí bá ti kan GND, ẹsẹ̀ odi iná, lásìkò tí iná ń wọlé, ROM náà ló máa dìde, á jókòó, á máa retí ohun tí o fẹ́ rán sí i lórí serial, ìyẹn wáyà tí láptọ́ọ̀pù fi ń bá a sọ̀rọ̀. Tí iná bá lọ nígbà tí o dé ìdajì, tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Kò sí òkú níbẹ̀.

Ohun tó ń pa á ni iná tó pọ̀ jù. Ohun tó ń jẹ́ kó díbọ́n pé òun ti kú ni iná tó kéré jù. Adápítọ̀ pupa rẹ wà nínú èyí ẹ̀yìn yìí.

* * *

Ìdáhùn àwọn yòókù ti pọ̀ lábẹ́ ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ní ayédèrú ni: ayédèrú pọ̀ lọ́jà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ kì í fojú mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí esptool, ètò orí láptọ́ọ̀pù tí a fi ń fíláàṣì, bá yín bi í léèrè: `esptool.py --port COM5 flash_id` (COM5 ni nọ́ńbà tí láptọ́ọ̀pù fún adápítọ̀ tèmi, ẹ fi tiyín sí i). Á sọ iye àyè tó wà nínú rẹ̀ fún yín. ESP-01 aláwọ̀ búlúù ti ìgbà àkọ́kọ́, ti ọdún 2014 síwájú díẹ̀, 512KB ni púpọ̀ nínú wọn ní. Àwọn dúdú tó dé lẹ́yìn wọn ní 1MB. Tasmota tó pé ju 512KB lọ, kò lè wọ inú búlúù, ẹ má wulẹ̀ bá a jà. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú, ògbólógbòó ni.

Àwọn tó ní ESP32: ọdún 2016 ni ESP32 jáde, ó lágbára ju èyí lọ, ó ní Bluetooth. Ó sì ń jẹ iná ju èyí lọ. Ẹni tí kò rí oúnjẹ fún ajá kékeré tó ń sin, ṣé ajá ńlá ló yẹ kó lọ rà? Ohun tó fi ebi pa ESP-01 lórí adápítọ̀ yẹn, á fi ebi pa ESP32 náà. Láti tan pọ́ǹpù kan ṣoṣo kí a sì pa á, ESP-01 tó, ó tún ṣẹ́kù.

Ẹni tó ní "ó ti sun ún" nìkan ló ṣeé ṣe kó rí nǹkan kan sọ. Ọ̀rọ̀ 5V nìyẹn, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀.

* * *

Ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó béèrè ti fèsì pé òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, pé físíìsì lòun fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ, pé ọmọ-ọmọ òun ló bá òun ra bọ́ọ̀dù náà, àti pé "àbúrò" tí mo pe òun dùn mọ́ òun nínú gan-an.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ má bínú. Àwọn tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́dọ̀ mi, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè àti ọmọ Ìlíṣàn tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn ni ẹnu mi fi yára. Ó dára bẹ́ẹ̀ náà, torí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, ẹ ti ń kọ ọ́ sójú pátákó kí wọ́n tó bí mi.

* * *

Iná. Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí.

Ìwé FT232 sọ ọ́ ketekete: 50 mA (mílíámpíà, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) ni ẹsẹ̀ 3.3V tó wà lára rẹ̀ lè gbé sílẹ̀. ESP8266 tó bá ń fi Wi-Fi ránṣẹ́ lè gba 170 mA lẹ́ẹ̀kan náà. Espressif fúnra wọn dámọ̀ràn pé kí orísun iná rẹ̀ lè gbé 500 mA. Ẹ wo 50, ẹ wo 500.

Ẹ̀yin ń lo pọ́ǹpù, ẹ mọ ohun tí iná kékeré ń ṣe. Ẹ̀rọ á máa kùn, omi ò ní gòkè, ẹni tó wà nínú ilé á rò pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́. Bó ṣe rí nínú bọ́ọ̀dù nìyí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká iná mọ́ra láti sọ̀rọ̀, fóòtì já wálẹ̀, ó kú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ó lè ti ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Mítà yín á máa sọ pé 3.3 ló wà níbẹ̀, torí mítà ò yára tó láti rí ibi tó ti já. Mítà yìí ti tan èmi náà jẹ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń pààrọ̀ firmware lórí bọ́ọ̀dù kan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àwẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló fi kapásítọ̀ 470µF tó yọ lára rédíò àtijọ́, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, sáàárín VCC, ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé, àti GND, kó kàn wò ó. Bọ́ọ̀dù dìde lójú ẹsẹ̀. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán.

Ẹnìkan ti kọ ọ́ sókè níbẹ̀ pé FT232 lòun fi ṣe tòun tó sì gbà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ROM bá ń gba fíláàṣì, kò tíì tan Wi-Fi rárá, ebi rẹ̀ ò tíì pọ̀. Ó lè fi ìyà gba gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbà tí ẹ bá wá ní kó ṣe iṣẹ́ gan-an ló máa dákú. Nítorí náà "ó gbà" kò túmọ̀ sí pé iná tó. Ẹ̀kẹta ti Bàbá gbà bákan náà.

Ohun tí mò ń lò: ṣájà fóònù 5V, mo fi í bọ́ AMS1117-3.3, áísì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò wọ́n. 5V wọlé, 3.3V jáde. Kapásítọ̀ ńlá kan ní ibi tó ti ń jáde, àti kékeré 100nF kan tó sún mọ́ ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù bó bá ti lè ṣeé ṣe. Ẹ má fi bátìrì fóònù 3.7V bọ́ AMS1117 o, ó nílò ju 1V lọ lókè ohun tó fẹ́ gbé jáde, ẹ ò ní rí 3.3 níbẹ̀.

Tí ẹ ò bá rí AMS1117 rà ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, ẹ yọ bátìrì rìmóòtù méjì, tuntun, ẹ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. 3V nìyẹn. ESP8266 ń ṣiṣẹ́ láti 2.5V dé 3.6V, ó wà láàárín. Ẹ fa wáyà GND adápítọ̀ àti ti bátìrì pọ̀ sójú kan. Tí ẹ kò bá ṣe ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

* * *

5V. Àríyànjiyàn yìí ò ní tán láéláé, mo ti rí i.

Apá kan ní ẹsẹ̀ RX, ibi tí bọ́ọ̀dù fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, lè gba 5V, pé àwọn ti ṣe é fún ọdún pípẹ́. Apá kejì ní ẹsẹ̀ kan ò gbọdọ̀ rí 5V. Apá kìíní ò parọ́, mo mọ àwọn tó ń ṣe é tí bọ́ọ̀dù wọn ṣì wà láyé. Àmọ́ èmi ò ní ṣe é, torí rẹsístọ̀ méjì ló máa parí ìjà náà: 1k láti TX adápítọ̀, ibi tó fi ń sọ̀rọ̀, tó ń gbé 5V bọ̀, 2k láti ibẹ̀ lọ sí GND, kí ẹ fa RX bọ́ọ̀dù láti àárín àwọn méjèèjì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 5 jẹ́ 3.3 àti díẹ̀. Kí ló wọ́n nínú rẹsístọ̀?

Lórí VCC, kò sí àríyànjiyàn kankan. Méjì ni mo ti fi 5V sè. Mo fọwọ́ kan irin orí rẹ̀, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìyẹn ni òkú tòótọ́, ROM ò lè gbà á. Bàbá, tí tiyín kò bá gbóná jẹ́ni lọ́wọ́ nígbàkankan, ọkàn yín balẹ̀. Kí ẹ sì ṣàyẹ̀wò adápítọ̀ pupa náà: púpọ̀ nínú wọn ní jọ́ḿpà kékeré kan tí ẹ fi ń yan 5V tàbí 3.3V. Ẹ rí i pé 3.3 ló wà.

* * *

Wáyà wá kàn, mo fẹ́ yára níbí.

VCC àti CH_PD, ohun tí àwọn bọ́ọ̀dù kan ń kọ sí EN, méjèèjì lọ sí 3.3V. Ẹ má fi CH_PD sílẹ̀ lófìfo. Àìsopọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù sùn bí ẹni kú. ESP-01S ti ní rẹsístọ̀ tó gbé e sókè lórí ara rẹ̀, ESP-01 lásán kò ní. GND sí GND. GPIO0 sí GND kí iná tó wọlé. TX ni ẹnu, RX ni etí: ẹnu ẹnìkan ni ẹ ń fà lọ sí etí ẹnìkejì. Ẹni tó bá so ẹnu mọ́ ẹnu, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan.

Àyàfi ẹni tó ń fi Arduino Uno, bọ́ọ̀dù míràn, ṣe afárá dípò adápítọ̀, tó ti so RESET rẹ̀ mọ́ GND. Lórí Uno, TX lọ sí TX, RX lọ sí RX, torí orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ti áísì Uno ni, kì í ṣe ti USB. Ọ̀pọ̀ ti sunkún lórí èyí. Kí ẹ sì má fa iná láti ẹsẹ̀ 3.3V Uno náà, 50 mA kan náà ni.

Okùn USB ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn okùn tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ títì, iná nìkan ló ń gba inú wọn kọjá, kò sí wáyà dátà níbẹ̀. Tí láptọ́ọ̀pù kò bá mú nọ́ńbà COM kankan wá, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn kí ẹ tó gé adápítọ̀ lẹ́jọ́.

* * *

Arákùnrin kan láti Ìpẹru ní òun ò ní ESP-01 rárá, òun ní switch Wi-Fi ti ara ògiri tí ESP8266 wà nínú rẹ̀, òun fẹ́ tú u kí òun fi Tasmota sí i. Ó kúrò lórí ìbéèrè díẹ̀, àmọ́ mi ò lè fi í sílẹ̀.

Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná NEPA pátápátá. Kì í ṣe kí ẹ pa á o, kí ẹ yọ ọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn switch yìí kò ní ohun tó ya iná 230V sọ́tọ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù kékeré inú wọn. GND tí ẹ fẹ́ so mọ́ láptọ́ọ̀pù lè jẹ́ wáyà tó ń gbé iná gan-an. Mo ṣe é rí. Ọdún kan báyìí, mo fẹ́ wo ohun tí switch náà ń sọ lórí serial nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Iná ti lọ, mo ní ewu ò sí, mo so okùn mọ́ láptọ́ọ̀pù. Iná dé. Ariwo kékeré kan, òórùn kan, ojú ihò USB kan ní láptọ́ọ̀pù mi ò tíì ṣiṣẹ́ dòní. Ká ní ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀ ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ èyí.

Iná 3.3V kékeré tí mo sọ lókè nìkan ni kó máa bọ́ ọ lásìkò tí ẹ bá ń fíláàṣì. Kí wáyà ògiri wà lórí tábìlì, lọ́nà jíjìn.

* * *

Padà sí ọ̀dọ̀ Bàbá. Ó ti fi bátìrì méjì sí i, ó ní àkọ́kọ́ ti dáhùn `flash_id`, 1MB ni. Ó béèrè bóyá kí òun kàn kọ Tasmota lé e lórí.

Ẹ dúró ná. Àwọn kan nínú yín ní àsìkò ni wọ́n fi ń ṣòfò tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe àdàkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi máa ń ṣe é: `esptool.py --port COM5 read_flash 0 0x100000 atijo.bin`. Ní iyára 115200, 1MB gba bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ lo àṣẹ AT, èdè tí firmware àtijọ́ ń gbọ́, ẹ ti ní i nílé, ẹ ò ní máa wá a kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú dátà yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, `erase_flash`, tó ń nu gbogbo flash nù. Èyí ni mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fò. Ètò àtijọ́ máa ń fi àṣẹ́kù sílẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn flash, tuntun á kà á, á sì ṣì wí. Mo ti rí bọ́ọ̀dù tó ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìdáwọ́dúró, tó jẹ́ pé erase kan ṣoṣo ló wò ó sàn. Ẹ tún tan iná rẹ̀ lẹ́yìn tí erase bá parí, GPIO0 ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó wá kọ ọ́:

`esptool.py --port COM5 write_flash -fm dout 0x0 tasmota.bin`

Ẹ wo `dout` yẹn. Àwọn kan á ní kí ẹ lo `qio` torí ó yára. Ó yára lóòótọ́, wáyà mẹ́rin ló fi ń ka flash. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo áísì flash olówó pọ́ọ́kú ló gbà á, ESP8285 pàápàá, ẹ̀yà rẹ̀ tí flash wà nínú áísì náà fúnra rẹ̀, kì í fẹ́ ẹ. Pọ́ǹpù omi ò nílò iyára. `dout` ni.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń jiyàn pé tòun kú pátápátá torí òun kọ "AT" sí i tí kò dáhùn "OK". Ẹ wo ìsàlẹ̀ Serial Monitor yín, fèrèsé tí ẹ fi ń ka serial nínú Arduino IDE, ẹ yan "Both NL & CR". Firmware AT ń dúró de àmì ìparí ìlà méjèèjì. Tí ẹ kò bá rán an, ó rò pé ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tó mọ ìwà hù, kò já lu ọ̀rọ̀ àgbà.

Ẹ̀rọ tó ń tú pálapàla jáde kí ó tó wọlé náà kò ya wèrè. Kírísítálì 26MHz ló wà lórí bọ́ọ̀dù, ROM rẹ̀ sì gbà pé 40 ni. Ẹ mú 115200, ẹ fi 26 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 40 pín in: 74880. Ẹ gbé iyára serial sí 74880, pálapàla yẹn á di ọ̀rọ̀ tí ẹ lè kà, "ets Jan 8 2013, rst cause:2, boot mode:(3,6)". Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àkámọ́ yẹn ni kí ẹ wò. 3: ó ń bọ̀ láti inú flash, ó ń lọ síṣẹ́. 1: ó wà ní ipò fíláàṣì, ẹ ṣì so ó mọ́lẹ̀.

* * *

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta tó dákẹ́. Mo ní kí Bàbá wò ó ní 74880. Ìdáhùn tí ó fi ránṣẹ́: "boot mode:(1,7)".

Mo ti wí! Wáyà tó so GPIO0 mọ́ GND ṣì wà níbẹ̀. Fíláàṣì ti parí, àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá tan ló tún ń jókòó de fíláàṣì tuntun. Ẹ yọ wáyà náà, ẹ pa iná, ẹ tún un tàn. Bọ́ọ̀dù tí àwọn èèyàn ń kó dà sí ààtàn nítorí wáyà kan yìí, mi ò lè kà á tán.

Ó yọ ọ́. Wi-Fi "tasmota-" àti nọ́ńbà kan yọ lórí fóònù rẹ̀. Ó wọ 192.168.4.1, àmọ́ ó ní nígbà tó ń wá hotspot ilé, kò rí i nínú orúkọ tó tò kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fóònù ilé ń lò ó.

Ẹ lọ sínú ètò hotspot yín, ó ṣeé ṣe kó wà lórí 5GHz. ESP8266 kò mọ 5GHz, 2.4GHz nìkan ni ojú rẹ̀ rí. Ẹ yí i sí 2.4.

* * *

Bàbá ní ó ti wọlé. Méjèèjì yòókù náà ti gbà fíláàṣì. Mẹ́ta pé.

Pọ́ǹpù ló kù, mo fẹ́ sọ èyí kí ẹ tó fa wáyà. Bọ́ọ̀dù rìléè (switch tí iná kékeré ń tan) tí wọ́n ṣe fún ESP-01, GPIO0 kan náà ni wọ́n fi ń darí rìléè lórí rẹ̀. Nínú Tasmota ẹ yan Generic, ẹ fi "Relay_i" sí GPIO0, torí ìdàkejì ló ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ lára bọ́ọ̀dù rìléè náà kò so CH_PD mọ́ iná. Tí ESP-01 tiyín kì í bá ṣe S, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì (solder) jó rẹsístọ̀ 10k sáàárín CH_PD àti VCC lẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan tó kàn ni ìwà iná wa. Tasmota bó ṣe wá, tí iná bá lọ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, á rántí. Iná á dé ní aago méjì òru, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀yin á wà lójú oorun, omi á máa ṣàn wọ ilé aládùúgbò. Ẹ lọ sí Console, ẹ kọ `PowerOnState 0`, kó máa wà ní pípa nígbàkigbà tí iná bá dé, títí ẹ ó fi tan án. Lẹ́yìn náà `PulseTime1 1900`. Ó máa pa pọ́ǹpù lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí ẹ tilẹ̀ gbàgbé: ẹ yọ 100 kúrò nínú nọ́ńbà náà, ó ku 1800 ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹnìkan ní rìléè náà kọ 10A sára, pọ́ǹpù 1HP kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ń sáré lọ, òótọ́ ni. Nígbà tó bá ń gbéra ńkọ́? Mọ́tò máa ń fa ìlọ́po mélòó kan iná tó ń lò kó tó gbéra, irin inú rìléè á sì jó lẹ̀ mọ́ra, kò ní pa mọ́. Bàbá, ẹ jẹ́ kí rìléè kékeré yẹn máa tan contactor, ìyẹn rìléè ńlá, kí contactor máa tan pọ́ǹpù. Oníná tó ṣe wáyà ilé yín á mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sì fi float switch táńkì, ohun tó ń pa pọ́ǹpù tí táńkì bá kún, sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ má torí Wi-Fi yọ ọ́.

Mo ń kọjá sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní Sátidé, mo lè yà wò ó kí ẹ tó tan án. Bàbá ti fèsì pé Màmá máa se ìkọ́kọrẹ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ẹja ṣahun.